Kí Ni Ọ̀mu Náà Ń Wá?

Ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Ìbàdàn ní ọdún 1963, tí ó pè é ní Ọ̀mùtí, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá bá wa mọ ìtàn náà. Síbẹ̀ ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìbéèrè nípa ìwé yìí, tí a sì sábà máa ń fò dá. Kí ni ọkùnrin yìí ń wá?

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́, yóò dáhùn pé adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú ni. Bí a bá bi í pé nítorí kí ni, yóò ní nítorí ẹmu. Láti ibẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti bọ́ sórí ẹ̀kọ́ tí ó ti pèsè sílẹ̀, pé ọtí àmujù kò dára. Ojú tí Gerald Moore fi wò ó nínú ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus ní ọdún 1957 jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ó rí ìrìn àjò akọni nínú rẹ̀: akọni jáde kúrò nílé, ìyà dán an wò, ó sì padà wálé. Mo bu ọlá fún iṣẹ́ Moore. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà méjèèjì ni a ti gba ọ̀rọ̀ ọ̀mu náà gbọ́ ní ti ohun tí ó wà ní ọkàn ara rẹ̀, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí á gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Láti ọmọ ọdún 10 ni ó ti ń mu ẹmu. Baba rẹ̀ fún un ní oko tí ó ní 560,000 ọ̀pẹ, ó sì bá a wá adẹ́mu kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Agbè 150 ni adẹ́mu náà ń dá ní òròòwúrọ̀. Yóò tún dá 75 sí i fún ìrọ̀lẹ́. Tutùọlá fẹ́ràn iye púpọ̀. (Bóyá nítorí pé ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, níbi tí a ti ń ka ohun gbogbo.) Ó ka ọ̀pẹ, ó ka agbè, ó ka wákàtí. Ohun kan ṣoṣo ni ó sọ pé kò ṣe é kà, èyíinì ni àwọn ọ̀rẹ́ tí ń bá a mu ún láti àárọ̀ títí di òru.

Lẹ́yìn náà ni baba kú. Ní oṣù kẹfà, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó sì kú. Àwọn ọ̀rẹ́ dé, wọn kò bá ẹmu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilé fi dá. Ó bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní ìgboro, ẹni náà kò tilẹ̀ dúró pẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn ìgbà tí ilé ti dá ni ọ̀mu tó dìde láti wá òkú lọ.

Ẹni tí ó bá mọ ẹmu yóò bi mí pé kí ni ó yà mí lẹ́nu. Ẹmu kì í ṣe ohun tí a ń kó pamọ́. Ti àárọ̀ òní yóò ti kan bí ó bá di ọ̀la. Nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ ẹmu lójoojúmọ́, ènìyàn ni ó fẹ́, ẹni tí yóò mú igbà rẹ̀ ní ìdájí, tí yóò gun ọ̀pẹ lónìí, tí yóò sì tún gùn ún lọ́la. Ìwé náà sì sọ pé ó wá adẹ́mu mìíràn títí, kò rí èyí tí ó lè dá a tó bí ó ti fẹ́. Àtakò yìí lágbára. Ṣùgbọ́n kí á ṣí ìparí ìrìn náà wò. Nígbà tí ó padà dé ilé láìmú adẹ́mu bọ̀, ó ránṣẹ́ lọ gba agbè ẹmu 200, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sì jùmọ̀ mu ún. Ta ni ó dá a? Tutùọlá kò wí. Àwọn kan yóò kà á sí àìbìkítà, bí wọ́n ti ń ka àwọn òbí rẹ̀ tí ó bá láàyè sí àìbìkítà nígbà tí baba ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti baba, mo gbà fún wọn. Ní ti agbè 200, n kò gbà. Ọ̀rẹ́ ni a kọ́kọ́ rí nínú ilé náà kí á tó gbọ́ nípa ẹmu. Bí ìjókòó ti padà, ẹmu kò wọ́n mọ́.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí ni pé ọkùnrin yìí kì í ṣe afọ́jú. Ní ọ̀nà, ó dé ìlú tí ọmọbìnrin kan ti kọ gbogbo ọkọ tí baba rẹ̀ yàn fún un, tí ó sì tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà. Bí wọ́n ti ń wọ inú igbó ni arẹwà náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó ti yá wọn, títí ó fi ku agbárí nìkan. Nígbà tí ọ̀mu fi ojú ara rẹ̀ rí arẹwà náà ní ọjà, ó lọ sí igun kan, ó sọkún pé a kò dá òun ní arẹwà bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí ó rántí pé agbárí lásán ni, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí ni ojú-ewé tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Ó lè bọ́ aṣọ àyálò kúrò lára ìfẹ́ ọmọlọ́mọ. Kò bọ́ ọ kúrò lára tirẹ̀ rí. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní baba àwọn òrìṣà tí ó lè ṣe ohun gbogbo láyé kò lè sọ ohun tí ó ń dùn ún. (Àwọn tí ó jókòó ní kíláàsì wa náà, bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n bá wá, orúkọ oyè ni wọn yóò dá. Ìdáhùn tí kò ní àṣìṣe ni, bíi ti ọ̀mu.)

Ẹyin tí adẹ́mu fún un nígbà tí wọ́n ń dágbére tún mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ìyàn mú, ẹyin ń pèsè oúnjẹ, gbogbo ayé sì ya lu ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ṣeré títí wọ́n fi fọ́ ẹyin. Bí wọ́n ti rí i pé kò sí oúnjẹ mọ́, wọ́n túká, wọ́n ń bú u lọ. Bí àwọn ọlọ́mu ìṣáájú ti ṣe gẹ́lẹ́ nìyí, èébú ni a fi kún un. Ó lẹ ẹyin náà pọ̀, pàṣán ni ó sì ń pèsè láti ìgbà náà. Ó pè wọ́n padà, wọ́n wá, pàṣán sì nà wọ́n. Mo mọ̀ pé ibí yìí a máa pa àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́rìn-ín. Èmi rí ìbínú ẹni tí a fi sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀, ìbínú tí onítọ̀hún kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ó ku ibi tí wọ́n ti pàdé ní Ìlú Àwọn Òkú. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ adẹ́mu náà, Baity, nítorí pé àwọn òkú bèèrè rẹ̀. Agbè melòó ni a ti kà kí á tó gbọ́ orúkọ ẹni tí ó dá a! Baity kò rántí bí òun ti kú. Ọ̀mu ni ó sọ ọ́ fún un, ó sì dáhùn pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ti mu àmujù ní ọjọ́ náà. Ó ṣàlàyé pé òkú kò lè bá alààyè gbé. Ọ̀mu kò sọkún; ó gba ẹyin. Ṣùgbọ́n Baity ti sọ ohun kan fún un kí wọ́n tó pínyà, tí ọ̀mu gbọ́ tí kò sì fèsì sí. Ní òru ọjọ́ tí òun já bọ́ ní oko, òun padà wá sí ilé, òun wo ojú olúkúlùkù wọn, òun ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò rí òun, wọn kò dá òun lóhùn, òun sì bá tòun lọ.