Kí Ni Ed Wood Rí Nínú Kámẹ́rà?

Ní 1980, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ed Wood kú, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní The Golden Turkey Awards. Iṣẹ́ ìwé ọ̀hún ò ju kó máa fi fíìmù burúkú ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dé Ed Wood ládé olùdarí fíìmù tó burú jù lọ láyé, wọ́n sì ní Plan 9 from Outer Space tó ṣe ni fíìmù tó burú jù lọ. Ṣé ẹ rí i, ọkùnrin yìí fi ọjọ́ ayé ẹ̀ wá òkìkí, kò rí i. Ó kú tán, òkìkí dé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ láti wo fíìmù ẹ̀, kí wọ́n lè fi í rẹ́rìn-ín.

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí ayé ṣe ń wo Ed Wood nìyẹn: ó dùn-ún wò, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ pè é ní ẹbí. Tim Burton ló wá bọ́ síta ní 1994, ó ní ẹbí òun ni.

Ọwọ́ Burton wà lókè nígbà yẹn. Batman tó ṣe ní 1989 ti pa owó rẹpẹtẹ, Edward Scissorhands náà sì ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọkùnrin yìí ò fi ojú tí àwa yòókù fi ń wo nǹkan wò ó. Síbẹ̀, nígbà tó ní dúdú àti funfun lòun máa fi ya fíìmù Ed Wood, ilé iṣẹ́ Columbia yọwọ́. Disney ló gbà á. Nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 18 ni wọ́n ná lé e lórí, owó tó wọlé ní Amẹ́ríkà ò sì tó mílíọ̀nù 6. Fíìmù nípa ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tà, òun náà ò tà. Lójú tèmi o, òun ni iṣẹ́ tó dáa jù lọ tí Burton ṣe, òun náà ni mo fi ń wọn gbogbo fíìmù tí wọ́n bá ṣe nípa onífíìmù.

Torí kò rọrùn láti ṣe fíìmù nípa onífíìmù. Tó bá jẹ́ olórin ni, bíi Ayinla tí Tunde Kelani gbé jáde ní 2021, orin ti wà nílẹ̀. Bí ìtàn bá fẹ́ rọ̀, wọ́n á kọrin, ara awòran á tún yá gágá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó wo ẹni tó ń wá owó, tó ń gbé iná kiri, tó ń sọ fún òṣèré pé kó tún un ṣe? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ fi máa ń sá lọ sínú ìtàn ìfẹ́ àti ọtí, tí iṣẹ́ gan-an á wá dà bí nǹkan tí ẹni náà ń ṣe nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀. Ìdánwò tèmi ò le: lẹ́yìn tí mo bá wo fíìmù nípa onífíìmù tán, tí mo bá padà lọ wo iṣẹ́ ẹni náà, ṣé màá rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀?

Ẹ wo ìran kan. Wọ́n ń ya Bride of the Monster, èyí tó jáde ní 1955. Tor Johnson, ajìjàkadì tó ga bí ilẹ̀kùn tó tún fẹ̀ bíi kọ́ńbọ́ọ̀dù, fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó fara kọ ọ́. Gbogbo ògiri mì jìgìjìgì, torí ògiri ayédèrú ni. Ayàwòrán bi Ed bóyá kí àwọn tún un yà. Ed ní rárá o, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó tóbi tó Lobo, tí Tor ń ṣe nínú fíìmù náà, á máa bá ẹnu ọ̀nà jà lójoojúmọ́.

Ẹ̀rín á pa yín. Àmọ́ ẹ tún èsì yẹn gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọlẹ kọ́, ọ̀rọ̀ arẹ́nijẹ náà kọ́. Ed gbà á gbọ́! Ní orí ẹ̀, Lobo jẹ́ èèyàn gidi, ògiri sì jẹ́ ògiri. Ohun tó rí nínú kámẹ́rà pọ̀ ju ohun tó wà níwájú kámẹ́rà lọ, àìsàn ẹ̀ sì ni pé kò lè rí ààlà tó wà láàárín méjèèjì. Burton ò sọ fún wa pé Ed Wood mọṣẹ́. Kò fi ìgbà kankan purọ́ yẹn. Ó kàn gbé wa lọ sí ẹ̀yìn ojú Ed, ká lè rí fíìmù ńlá tó rò pé òun ń ṣe.

Ibí ni ìwà Burton fúnra ẹ̀ ti wúlò. Ẹni tó bá ti wo fíìmù ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ayé kà sí àjèjì ló máa ń gbè lẹ́yìn: ọmọkùnrin tó ní sísọ́ọ̀sì dípò ìka, òkú tó ń ṣàwàdà, ọmọdé tó fẹ́ jí ajá ẹ̀ dìde. Nínú Ed Wood, kò sí iwin, kò sí idán. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni gbogbo wọn, síbẹ̀ òun ni ilé tó kún fún àjèjì jù lọ. Criswell tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí kì í ṣẹ wà níbẹ̀. Vampira tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ed fúnra ẹ̀, tó jẹ́ sójà Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fẹ́ràn láti máa wọ aṣọ obìnrin, pàápàá súwẹ́tà onírun múlọ́múlọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ṣe Glen or Glenda ní 1953.

Nígbà tó fẹ́ sọ èyí fún Kathy, obìnrin tó máa di ìyàwó ẹ̀, wọ́n há sínú ọkọ̀ eré kan tó dákú sínú òkùnkùn níbi ìṣeré. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Kathy ronú díẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan, Ed dáhùn, Kathy ní ó dáa. Ọkọ̀ tún gbéra. Ó parí. Olùdarí mìíràn ì bá fi dùùrù àti omijé bò wá mọ́lẹ̀. Burton mọ̀ pé ẹni tí ayé ti ń wò bí ohun ìyanu látọjọ́ pípẹ́, ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹnì kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kó sì ní ó dáa.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn tó wà ní àyíká Ed mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe ń rìn pọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Baptist gbà láti fowó sí Plan 9, tí wọ́n ní àfi kí àwọn òṣèré ṣe ìrìbọmi, wọ́n lọ ṣe é. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Àárín Ed àti Bela Lugosi ni ọkàn fíìmù yìí wà. Lugosi, ọmọ Hungary, ló ṣe Dracula ní 1931. Nígbà tí Ed máa fi pàdé ẹ̀, ó ti darúgbó, morphine ti gbé e dè, Hollywood sì ti gbàgbé ẹ̀. Martin Landau tó ṣe Lugosi gba Oscar lórí iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ sí i. Ẹ wo ibi tí Lugosi ti wọ omi tútù lóru láti bá ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ jà, ẹranko rọ́bà tí ẹ̀rọ tó ń mì í ti sọnù. Bàbá àgbàlagbà náà fúnra ẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ rọ́bà yẹn sókè sódò, tó sì ń pariwo bíi pé wọ́n ń pa á. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín ni àbí kẹ́ ẹ bo ojú.

Burton mọ irú ìbáṣepọ̀ yìí dáadáa. Ní 1982, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ó ṣe fíìmù kékeré kan tó pè ní Vincent, nípa ọmọdé tó fẹ́ dà bíi Vincent Price, òṣèré fíìmù ẹlẹ́rù. Price fúnra ẹ̀ ló ka ìtàn náà sínú fíìmù. Nígbà tó di 1990, Burton fi í ṣe onímọ̀ tó dá Edward Scissorhands. Price kú ní 1993. Ọ̀dọ́ kan fẹ́ràn òṣèré kan láti kékeré, ó wá láǹfààní láti fún un níṣẹ́ kó tó kú. Ìtàn Burton nìyẹn, ìtàn Ed náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn ò ju pé ọ̀kan mọṣẹ́, èkejì ò mọ̀ ọ́n.

Lugosi kú ní oṣù Ògún 1956. Ed ti ya àwòrán díẹ̀ nípa ẹ̀ ṣáájú, láìsí ohùn níbẹ̀. Àwọn ló mú, tó fi wọ́n sínú Plan 9. Níbi tí àwòrán ò ti tó, ó mú ẹni tó ń to eegun ẹ̀yìn fún ìyàwó ẹ̀, ó ní kó fi aṣọ Dracula bo ojú. Ọkùnrin yẹn ò jọ Lugosi rárá. Ibí yìí ni ẹ̀rín ti máa ń pọ̀ jù bí wọ́n bá ń wo Plan 9, kò sì ṣeé dá lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Burton fi àwòrán kan náà ṣe. Lugosi jáde látinú ilé, aṣọ dúdú lọ́rùn, Ed ń fi kámẹ́rà tẹ̀lé e. Ed ní kó ṣe bí ẹni tó ń kánjú. Lugosi béèrè pé tí òun ò bá wá kánjú ńkọ́, tí òun bá dúró díẹ̀ gbádùn ẹwà ayé? Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn òdòdó kan. Nínú Plan 9, àwòrán yìí ò ní ìtumọ̀: bàbá kan jáde, ó fọwọ́ kan òdòdó, ó rìn lọ, a gbọ́ ariwo ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo Ed Wood, ẹ ò tún lè wò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́ kan ń fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ ìkẹyìn, kò sì mọ̀ pé ìkẹyìn ni. Fíìmù náà yege ìdánwò tèmi níbẹ̀.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Burton parọ́ ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ed ò pàdé Orson Welles ní ilé ọtí. Lugosi fẹ́ ìyàwó ní 1955, àmọ́ nínú fíìmù yìí ó dá wà bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Fíìmù náà sì parí sí òru tí wọ́n ń fi Plan 9 han, tí Ed àti Kathy wọ mọ́tò nínú òjò láti lọ ṣègbéyàwó. Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn: ọtí, àwọn fíìmù oníhòhò, òṣì. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1978 wọ́n lé e kúrò nílé tó ń gbé, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú, ẹni ọdún 54. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán lópin fíìmù la fi gbọ́ èyí. Ṣé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ wa jẹ? Díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ìfẹ́ iṣẹ́ ò bọ́ Ed, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan wo fíìmù yìí kó rò pé ìfẹ́ nìkan tó. Àmọ́ ikú rẹ̀ ni gbogbo ayé kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀, àti ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e. Òru kan tí inú ẹ̀ dùn ni kò tíì sẹ́ni tó fún un.

Àwọn tó kọ ìtàn Ed Wood, Scott Alexander àti Larry Karaszewski, ló tún kọ Dolemite Is My Name ní 2019, nípa Rudy Ray Moore, aláwàdà adúláwọ̀ tó fi ipá ṣe fíìmù Dolemite ní 1975. Eddie Murphy ló ṣe é. Ìran kan wà níbẹ̀ tí Moore àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sí sinimá. Gbogbo àwọn òyìnbó tó yí wọn ká ń rẹ́rìn-ín, àwọn ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Moore jáde, ó ti mọ̀ pé fíìmù táwọn èèyàn òun máa wò ò tíì sí. Kò mọ kọnfú, kò lè gbẹ́sẹ̀ sókè dáadáa, àmọ́ ó mọ ẹni tó ń ṣe é fún. Ed ò gbọ́ ẹ̀rín. Moore gbọ́ ọ, ó fà á mọ́ra, ó sì sọ ọ́ di owó.

The Disaster Artist (2017) ni kò yege lójú mi. James Franco ṣe Tommy Wiseau tó gbé The Room jáde ní 2003. Ó pani lẹ́rìn-ín, irọ́ kọ́. Lópin, wọ́n gbé ìran tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nínú The Room gan-an, kí a lè rí i pé wọ́n sín in jẹ láìyẹsẹ̀. Ó dáa. Kí la wá rí tí a ò rí tẹ́lẹ̀? Ẹni tó bá mọ ohùn èèyàn sín jẹ ò tíì mọ ohun tó ń dun olúwarẹ̀.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, tí ẹnì kan bá ṣe fíìmù tí ògiri ẹ̀ mì, kó tó di alẹ́ wọ́n á ti gé ibẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á ti fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò ní ká má rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń sunkún la ṣì ń ríran. Bí a ti ń rẹ́rìn-ín náà, ẹ jẹ́ ká ṣì máa ríran. Ẹ kọ́kọ́ wo Plan 9, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín dọ́ba. Ẹ wo Ed Wood. Kẹ́ ẹ wá padà sí Plan 9, síbi tí bàbá yẹn ti jáde látinú ilé tó tẹ̀ ba síbi òdòdó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè rẹ́rìn-ín.