Kí ló dé tí wọ́n fi Dókítà Jemison sídìí ẹ̀rọ?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wo "Second Chances" ni, ọ̀kan nínú eré Star Trek: The Next Generation tó jáde lọ́dún 1993. Torí Mae Jemison ni mo ṣe wò ó. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ojú sánmà, nínú ọkọ̀ Endeavour, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1992. Òun náà ni arìnrìn-àjò ojú sánmà gidi tó kọ́kọ́ ṣeré nínú Star Trek.

Ẹ wá wo ipa tí wọ́n fún un: Lieutenant Palmer, ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn láti ibì kan síbòmíràn. Ẹ ò tíì ní bó ẹ̀pà mẹ́ta tán tó ti kọjá lọ.

Mo mọ̀ pé àlejò ni, kì í ṣe òṣèré. LeVar Burton tó darí eré náà gbọ́ pé ó fẹ́ràn Star Trek ló ṣe pè é. Láti kékeré ló ti ń wo Uhura, tí Nichelle Nichols ṣe. Gbólóhùn tí Uhura máa ń sọ nídìí iṣẹ́ lòun náà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó wà lókè. Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Àmọ́ dókítà ni obìnrin yìí! Kó tó wọ NASA, òun ló ń tọ́jú àwọn Peace Corps ní Sierra Leone (ilẹ̀ àwọn Sàró wa) àti Liberia. Ara ọ̀kan nínú wọn ò yá, dókítà kan ní ibà ni. Jemison wò ó títí, ó ní rárá, meningitis ni, àrùn awọ ọpọlọ. Ó ránṣẹ́ pe bàálù ológun tó ń gbé aláìsàn láti Jámánì, $80,000 lowó rẹ̀. Àwọn ẹ́ḿbásì bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Ó ní òun ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Wákàtí 56 ló fi wà lójúfò pẹ̀lú aláìsàn náà kí wọ́n tó dé Jámánì. Ẹni náà ò kú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Èmi náà ti dúró ti aláìsàn rí, tí mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú fáìlì kọ́ ló ń ṣe é, tí mo pe dókítà lẹ́ẹ̀kan, tí mo sì panu mọ́ nígbà tó ní kò sí nǹkan. Mi ò tíì gbàgbé ojú ẹni yẹn.

Nínú ọkọ̀ Star Trek yẹn, Dókítà Crusher ní yàrá ìwòsàn tirẹ̀. Kí wọ́n fi Jemison síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì péré, kó gbọ́wọ́ lé iwájú orí ẹnì kan, kó ní, "Rárá o, ohun tí ẹ kọ síbí kọ́ ló ń ṣe é." Mi ò bá ti dìde pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀ mi.