"O" Ni Àbí "Ẹ"? Lórí Ìwé Jamaica Kincaid Tí Mo Ń Túmọ̀

Ìwé náà kò tóbi rárá. Kò pé ojú ewé 100. Ẹni tó bá jókòó tì í láàárọ̀ Sátidé á ti kà á tán kí wọ́n tó mú iná dé. A Small Place ni àkọlé rẹ̀, 1988 ló jáde, Jamaica Kincaid ló sì kọ ọ́. Antigua ló dá lé, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Kàríbíánì, tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju 281 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí ní 1949. Elaine Potter Richardson ni orúkọ tí ilé fún un. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Amẹ́ríkà kó lọ máa bá wọn tọ́jú ọmọ, ibẹ̀ ló wà tó fi yí orúkọ padà ní 1973.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mi ò wá sọ ìtàn ìwé náà fún yín láti páálí dé páálí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi wá, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kékeré kan tó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn kan nínú yín. Mo ń túmọ̀ ìdá àkọ́kọ́ ìwé náà sí Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìdá yẹn, "you, you" ni Kincaid ń pe arìnrìn-àjò afẹ́ tó wá sí Antigua. Gẹ̀ẹ́sì ò ní wàhálà: ọba ni o, ọmọ ọwọ́ ni o, ajá ni o, "you" ni. Àwa ńkọ́? Ṣé "o" ni ká pè é àbí "ẹ"?

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ gírámà lásán nìyẹn, kó kọ́kọ́ wo ohun tí ojú "you" yẹn rí nínú ìwé. Òyìnbó ni, láti Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò tú ẹrù rẹ̀, ó kọjá wẹ́rẹ́. Ọmọ Antigua aláwọ̀ dúdú tó ń ti òkè òkun bọ̀ pẹ̀lú páálí aṣọ àti oúnjẹ fún àwọn ẹbí, òun ni wọ́n dá dúró. (Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò mọ irú páálí bẹ́ẹ̀.) Ó wọ takisí. Mọ́tò Japan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àmọ́ ìró rẹ̀ dà bí ti ọkọ̀ tó ti gbó, nítorí epo tí wọ́n ń rọ sí i kọ́ ni epo tí wọ́n ṣe é fún. Orúkọ olórí ìjọba ni wọ́n fi pe pápákọ̀ òfurufú. Kincaid bá a béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe ilé ìwé, tí kì í ṣe ilé ìwòsàn. Oòrùn ń ràn, òjò ò rọ̀, inú àlejò ń dùn. Pé ọ̀gbẹlẹ̀ ń fi ojú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rí màbo, pé omi wọ́n níbẹ̀ bí ojú, ìyẹn ò kàn án. Ó jẹun, oúnjẹ náà dùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti Miami ni wọ́n ti fi bàálù kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn náà ló wọ inú òkun. Kincaid sọ fún un pé ìlú yìí kò ní ètò gidi kan fún kíkó ìgbẹ́ dànù, nítorí náà kó má rò ó jù nípa ibi tí ohun tó yà sí ilé ìyàgbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì gbà lọ. Ó lè jẹ́ òun náà ló ń rọra fara kan kókósẹ̀ rẹ̀ nínú omi tó mọ́ gaara yẹn. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò le rárá. Àfi bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Níbo ló ti rí irú ohùn yìí? Lójú tèmi, inú ìwé ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ ló ti jí i. Ẹ gbé èyíkéyìí nínú wọn, ìbáà ṣe ti Bahamas, ti Maldives, ti Seychelles tàbí ti Zanzibar, bákan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀: wàá jí, wàá gbọ́ ìró omi, wàá fẹsẹ̀ lásán rìn lórí iyanrìn funfun, wàá gbàgbé ìdààmú rẹ. Ọmọ ìlú kì í sí níbẹ̀, àfi èyí tó bá gbé ọtí dání. Antigua náà ń yangàn pé etíkun 365 lòun ní, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Kincaid gba ẹnu ìpolówó yẹn, ó ń bá wàá-rí-wàá-rí náà lọ, àmọ́ ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú fọ́tò ló ń fi hàn. Àti pé nítorí ìpolówó erékùṣù jọra kárí ayé, ohùn tó jí yìí ṣeé gbé kiri. Ní 2001, Stephanie Black gbé e kúrò ní Antigua, ó fi sínú fíìmù Life and Debt tó ṣe nípa Jamaica, nípa gbèsè tó wà lọ́rùn ìlú náà àti bí mílíìkì oníyẹ̀fun láti òkè òkun ṣe ba ọjà àwọn tó ń sin màlúù jẹ́. Ohùn ọ̀hún bá ibẹ̀ mu rẹ́gí.

Ibí gan-an ni àwọn tó ní "ẹ" ti mú mi. Wọ́n ní, bó bá jẹ́ ìpolówó ló jí, ìpolówó Yorùbá kì í sọ pé "o". Ẹ tan rédíò, ẹ gbọ́ alágbo: ẹ wá rà á, ẹ lò ó, ara yín á yá. Ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ kò ní pè ọ́ ní "ìwọ". Wọ́n tún ní àlejò ni, a kì í sì í pe àlejò ní "o" lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò lè purọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dábàá pé ká fi "ẹ káàbọ̀" bẹ̀rẹ̀, ká wá já sí "o" nígbà tá a bá dé inú omi, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí.

Mo dán an wò. Kò dáa. Nínú ìwé Kincaid, èèyàn ò lè fọwọ́ sọ ojú ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. "You" tó fi kí i káàbọ̀ náà ló fi sọ fún un níkẹyìn pé nǹkan tí kò wuyì ni arìnrìn-àjò afẹ́, nǹkan òfìfo. Bí Yorùbá bá yí láti "ẹ" sí "o", ọ̀bẹ á ti hàn kó tó dé ara. Tá a bá sì lo "ẹ" látòkè délẹ̀, wàhálà mìíràn nìyẹn: "ẹ" lójú méjì, ọ̀wọ̀ àti ọ̀pọ̀. Òǹkàwé á máa rò ó pé ṣé ẹnì kan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni àbí odindi èrò inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bá wí. Kincaid ò bá èrò bọ́ọ̀sì wí. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbá lọ́rùn aṣọ mú, kò sì jẹ́ kó rí ẹlòmíì tó lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"O" náà lójú méjì, àmọ́ irú ojú méjì tí ìwé yìí nílò ló ní. Ẹni tó ń bá ọ jà á pè ọ́ ní "o". Ẹni tó fẹ́ràn rẹ náà á pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú oríkì ńkọ́? Akígbe tó ń ki ọba, "ìwọ" ló máa ń pè é, orí kábíyèsí á sì máa wú. Òrìṣà gan-an, "o" là ń pè é nígbà tá a bá ń bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, tí òǹkàwé Yorùbá bá pàdé "o" ní gbólóhùn kìíní, kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ló ń mú un rìn káàkiri ìlú. Ó lè jẹ́ wọ́n fẹ́ kì í ni. Ìgbà tó bá dé inú omi ni yóò tó mọ irú "o" tó jẹ́. Èmi ò rí ọ̀nà míì tó sún mọ́ ohun tí Kincaid ṣe tó èyí.

Ìdá kejì yàtọ̀. Níbẹ̀ ó padà sí Antigua ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì (November 1, 1981 ni wọ́n gba òmìnira): àwọn òpópónà tí wọ́n fi orúkọ àwọn ọ̀gá ojú omi Gẹ̀ẹ́sì pè, àti Mill Reef Club tí aláwọ̀ dúdú kì í wọ̀ àfi tó bá jẹ́ ìránṣẹ́. "You" ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́, gbogbo àwọn tó jọba lé wọn lórí ni. "Ẹ̀yin" ló tọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin tí kò lọ́wọ̀ nínú, bí ìgbà tá a bá ní "ẹ̀yin wọ̀nyí". Gẹ̀ẹ́sì ò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn láé. Tiwa lè ṣe é.

A ní òwe tó fẹ́ jọ ìdá àkọ́kọ́ yẹn: àlejò lójú, kò fi ríran. Àmọ́ òwe wa ṣàánú àlejò. Ó ní kò ríran nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ti Kincaid ò ríran nítorí pé ó sanwó kó má baà rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń ka ìwé yìí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń na òyìnbó. Kincaid ti dè wọ́n. Ní ìparí ìdá kìíní, ó ní gbogbo ọmọ ìlú ibikíbi ló lè di arìnrìn-àjò afẹ́, pé gbogbo arìnrìn-àjò náà ló jẹ́ ọmọ ìlú ibì kan. Òṣì ni kò jẹ́ kí púpọ̀ lè kúrò níbi tí wọ́n wà, ìlara yẹn wà nínú ìkórìíra wọn. Nígbà tí mo ka ìtumọ̀ mi sókè ní ìpàdé, pẹ̀lú "o", ẹnì kan ti ẹ̀yìn kígbe pé, "Èmi kọ́ o!" Ẹni tí kò ní páásípọ́ọ̀tù rí. Mo lérò pé ká ní "ẹ" ni mo lò, kò ní kígbe.

Ibi tí ìwé náà ò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni pé àwọn ọmọ ìlú kì í sọ̀rọ̀ nínú ìdá kìíní. Awakọ̀ takisí pe owó tó fẹ́ gbà, ó tán. Kincaid ló ń gbẹnu sọ fún wọn, òun tó ti lé ní 20 ọdún ní Amẹ́ríkà nígbà tó kọ ọ́. Ìdá kẹta, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ilé ìkàwé, ló sàn díẹ̀. Ilẹ̀ mì ní October 1974, ilé ìkàwé bàjẹ́, wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ pé àtúnṣe ń bọ̀. Ìgbà tó ń kọ ìwé ní ọdún mẹ́wàá-ó-lé lẹ́yìn náà, pátákó ṣì wà níbẹ̀. 2014 ni wọ́n tó ṣí tuntun. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Ẹ wá fi wé Omeros tí Derek Walcott kọ ní 1990. (Ọmọ erékùṣù St. Lucia ni, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992, ó kú ní 2017.) Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni apẹja kan, Philoctete, ti ń rẹ́rìn-ín sí àwọn arìnrìn-àjò tó ń ya á ní fọ́tò. Wọ́n fi owó díẹ̀ kún un, ó ká ṣòkòtò, ó fi àpá ẹsẹ̀ hàn wọ́n. Àmọ́ nígbà tó kan bí egbò náà ṣe san, ó pa ẹnu mọ́. Owó ọwọ́ wọn ò ká ìyẹn. Ìbínú Kincaid ò fi àyè sílẹ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta nǹkan tó sì ń tọ́jú nǹkan. Síbẹ̀, ká ní wọ́n ní kí n mú ọ̀kan fún ẹgbẹ́ wa, Kincaid ni màá mú. Ẹ wo ewì òkun tí à ń tẹ̀ sínú ìwé wa yìí lọ́dọọdún: oòrùn ń wọ̀, omi ń dán, olólùfẹ́ ń rìn létí omi. Apẹja dà? Àwọn tó ń gbá iyanrìn yẹn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: "native". Kincaid ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà. Mo kọ́kọ́ ro "onílé", tó bá àlejò ṣe ọ̀tá. Lẹ́yìn náà "ọmọ onílẹ̀", ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe lórí ilẹ̀ ní Èkó, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. "Ọmọ ìbílẹ̀" náà ò ṣeé gbà. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kó bàbá àti ìyá àwọn èèyàn wọ̀nyí wá, láti wá gé ìrèké. 1834 ni wọ́n tó bọ́ lóko ẹrú. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà gan-an kí Columbus tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1493, kò sí wọn nínú ìwé yìí láti sọ tiwọn. Nítorí náà mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. "Ará ibẹ̀" ni mo kọ sílẹ̀ fún báyìí.