Orin Tí Fẹlá Ò Ní Kọ Fún Wa

Ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997 ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì jáde láyé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la wà nígbà náà. Òbí wo ló máa mú ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sí Shrine láago méjì òru? Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ ká tó gbọ́njú mọ Fẹlá rárá, eré ti parí. Gbogbo ìgbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa bá ti ń sọ pé "ẹ̀yin ò rí nǹkan kan," ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n pín ẹran nílé, wọn ò pè wá.

Ṣùgbọ́n kí la pàdánù gan-an? Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wa, á ní òun ì bá fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí Fẹlá ń kọ "Zombie", tàbí "Lady", tàbí "Water No Get Enemy". Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wọ Shrine tó wà ní òpópónà Pepple, n'Íkẹjà, lọ́dún 1990, ẹ sì ń pariwo pé "Zombie" lẹ fẹ́ gbọ́. Kò dájú pé ẹ máa gbọ́ ọ. Àṣà Fẹlá ni pé tó bá ti gba orin kan sínú àwo tán, kì í sábàá kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ ra àwo.

Nínú iṣẹ́ kóòdù kíkọ tá a fi ń jẹun, ohun tó ti délé oníbàárà yàtọ̀ sí ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Èyí tó wà lọ́wọ́, à ń tú u palẹ̀, à ń tún un tò, à ń fún àwọn èèyàn díẹ̀ kí wọ́n dán an wò, à ń wo ibi tí wọ́n á ti kọsẹ̀. Bí Fẹlá ṣe ń ṣe orin nìyẹn. Ọ̀pọ̀ olórin máa ń gbé àwo jáde, kí wọ́n tó wá máa fi í ṣeré káàkiri. Ní ti Fẹlá, àwo ni òpin ìrìn àjò. Shrine ni wọ́n ti ń se orin náà, àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń tọ́ ọ wò.

Ẹ̀rí wà. Nígbà tó ṣeré ní Glastonbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1984, "Teacher Don't Teach Me Nonsense" wà lára ohun tó kọ. Ọdún 1986 ni àwo orin yẹn tó jáde. Àwọn tó dúró nínú pápá lọ́jọ́ náà gbọ́ orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì lè rà lọ́jà. Fídíò rẹ̀ wà lórí ayélujára. Ẹ wò ó, kí ẹ wá gbọ́ àwo lẹ́yìn ẹ̀. Nínú àwo, gbogbo ohùn ti mọ́ tónítóní, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ti mọ àyè ara ẹ̀. Lórí pápá, Fẹlá ò kánjú lọ síbì kankan.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwo ò lè gbé. Ojú kan àwo nígbà náà ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, èyí ló fi jẹ́ pé orin kan ṣoṣo lè gba odindi ojú kan. "Confusion" ti ọdún 1975 gba ojú méjèèjì. Shrine ò lójú kìn-ín-ní, kò lójú kejì. Yabis ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fẹlá á dá orin dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba, á fi olówó ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èrò á máa dá a lóhùn. Ẹni tó bá mọ alẹ́ ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: òru ni, ẹnì kan ń sọ ohun tí ìlú ò lè sọ lọ́sàn-án. Àwo tí wọ́n tiẹ̀ pè ní "Live!", tí òun àti Ginger Baker ṣe lọ́dún 1971, inú Abbey Road ní Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ti gbà á. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Shrine kọ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo òní. Fẹ́mi ṣí New Afrika Shrine lọ́dún 2000. Ṣeun ló ń darí Egypt 80. Lóṣù kẹwàá ọdọọdún, Felabration á dé, wọ́n á kọ "Zombie", gbogbo wa á jó. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Orin tí ẹni tó ń lọ sí Shrine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láyé Fẹlá lè má gbọ́ lójú agbo, àwa tá a dé lẹ́yìn ń gbọ́ ọ. Ó dùn, a ò purọ́. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá kọ orin náà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àwo, ibi tí Fẹlá ti kúrò ló ń tọ́jú. Èyí tí Fẹ́mi àti Ṣeun ń ṣe, tí wọ́n ń gbé orin tiwọn wá síwájú èrò, ló sún mọ́ ìṣe bàbá wọn jù.

Ohun tá a pàdánù ní tòótọ́ ni orin tí kò dé inú àwo. Lẹ́yìn "Underground System" lọ́dún 1992, Fẹlá ò gbé àwo tuntun jáde mọ́ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n ó ń kọrin. "Chop and Clean Mouth Like Nothing Happened, Na New Name for Stealing" wà níbẹ̀, "Condom Scallywag and Scatter" náà wà níbẹ̀. A mọ orúkọ wọn, kò sí àwo wọn. Ìgbà ìjọba Abacha ni ọ̀pọ̀ ọdún yẹn bọ́ sí, ìgbà tó yẹ ká gbọ́ Fẹlá jù lọ, àgọ́ ìdáná ni oúnjẹ náà sì wà tí alásè fi lọ.

Àwọn kan á ní, bí Fẹlá ò bá parí wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. A ò gbà. Iṣẹ́ tí ò parí kì í ṣe iṣẹ́ tí ò wúlò. Ẹni tó ń kọ kóòdù mọ̀ pé nínú èyí tó rí játijàti yẹn lèèyàn ti ń rí bí ẹni tó ṣe é ṣe ń ronú. Ó sì dá wa lójú pé kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan fi gbà á sílẹ̀ lálẹ́ yẹn ò ní dúró de àríyànjiyàn wa, torí ooru àti eruku ò mọ Fẹlá. Ẹ kọ́kọ́ dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n má ṣègbé. Ọ̀rọ̀ títà wọn, ti ẹbí ẹ̀ ni.

Nítorí náà, nígbà míì tí bùọ̀dá kan bá tún sọ pé "ẹ̀yin ò rí nǹkan kan," ẹ má jiyàn. Ẹ bi í pé orin wo ló gbọ́ níbẹ̀ tí kò sí nínú àwo, báwo ló ṣe ń lọ, kí ni Fẹlá sọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí sì ni àwọn èrò fi dá a lóhùn. Kí ẹ gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.