Ilé Àwọn Ọmọdé ní San Lorenzo

Ọmọbìnrin kan wà tí n kì í gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ bí ọdún mẹ́ta ni. Pákó oníhò kan wà níwájú rẹ̀, igi róbótó kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀. Ó ń yọ wọ́n, ó ń pò wọ́n pọ̀, ó ń dá wọn padà. Dókítà Maria Montessori ní kí àwọn ọmọ yòókù máa kọrin yí i ká. Kò gbójú sókè. Montessori gbé e tòun ti àga lé orí tábìlì. Ọmọ kó igi rẹ̀ sórí itan, ó ń báṣẹ́ lọ. Ó ṣe é ju ìgbà 40 lọ kó tó dáwọ́ dúró, ojú rẹ̀ wá tutù bíi tẹni tó sùn dáadáa.

Àdúgbò tálákà ni San Lorenzo nílùú Róòmù nígbà tí Montessori ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé, ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin náà wà, ní ọjọ́ 6, oṣù kìíní, ọdún 1907. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ti ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ gbàgbé láti tì í. Nígbà tó dé, kálukú ti mú èyí tó wù ú, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ pè wọ́n lólè. Montessori ní wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ni, ó sì wá àpótí kúkúrú tọ́wọ́ ọmọdé lè tó.

Òmìnira láti mú ohun tó wuni yẹn kì í ṣe ìwà jàgídíjàgan o. Ẹni tó bá mú nǹkan ní láti dá a padà síbi tó ti mú un. Iṣẹ́ olùkọ́ ló nira jù lójú mi: kó máa wo ọmọ kékeré tó gbé abọ́ tó lè fọ́ dání, kó má sì nawọ́ gbà á.