Àwọn Tó Ń Ka Àmì Ara Sẹ́ẹ̀lì

Ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ MD Anderson ní Houston, iṣẹ́ àwọn tó ń ka àmì ara sẹ́ẹ̀lì wù mí. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, sẹ́ẹ̀lì T àti B tó ń gbèjà ara jọra gan-an. Àmì ara wọn, bí ilà ojú, ló ń tú wọn fó: CD3 fún T, CD19 fún B. Wọ́n á lẹ áńtíbọ́dì aláwọ̀ títàn mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì á máa gba iwájú iná lésà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ń kà. Èèyàn ló ń pààlà sáàárín irú sẹ́ẹ̀lì kan àti òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú a máa gba áńtíbọ́dì tí kì í ṣe tirẹ̀, á sì tan aláìfarabalẹ̀ jẹ. Níbẹ̀ la ti ń mọ ọ̀gá, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ olówó gọbọi! James Allison ti MD Anderson wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2018: ó fi hàn pé bí a bá dí CTLA-4, àmì ara kan tó ń kó sẹ́ẹ̀lì T níjàánu, sẹ́ẹ̀lì náà á kọjú ìjà sí jẹjẹrẹ.