Ọ̀rọ̀ Tí Ó Bo Ikú Mọ́lẹ̀: Àríwísí Ìwé The Giver ti Lois Lowry

Ní ọdún 1993 ni Lois Lowry, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. The Giver ni ó pè é. Ní ọdún 1994 ìwé náà gba àmì-ẹ̀yẹ Newbery, ẹ̀bùn tí ó lókìkí púpọ̀ fún ìwé ọmọdé ní ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó wà lára ìwé 100 tí àwọn òbí àti àwọn mìíràn fi ẹjọ́ wọn sùn jùlọ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n mú wọn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìkàwé. Ìwé kan náà ni ó gba ọlá, òun náà ni ó gba ẹ̀sùn. Ó tọ́ kí olùkọ́ tí yóò fi í lé ọmọ lọ́wọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ìlú kan tí kò ní orúkọ ni ìtàn náà dá lé. Kò sí ebi níbẹ̀, kò sí ogun, kò sí ìjà láàárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀, kò sí òkè, kò sí yìnyín, kò sì sí ìfẹ́. Ìgbìmọ̀ ni ó ń yan aya fún ọkọ. Òun ni ó ń fi ọmọ fún òbí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Òun náà ni ó sì ń yan iṣẹ́ fún ọmọ tí ó bá pé ọdún 12. Jonas, olú ẹ̀dá ìtàn, ni wọ́n yàn pé kí ó gba ìrántí ayé àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ṣoṣo tí ó ń pa á mọ́. Láti inú ìrántí wọ̀nyí ni ó ti mọ oòrùn, ogun àti ayọ̀ ẹbí. Láti ibẹ̀ náà ni ó sì ti mọ̀ pé irọ́ ni ìpìlẹ̀ ìlú òun.

Ẹ̀sùn àwọn tí ó kọ ìwé náà kò ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bàbá Jonas, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ìkókó, fi abẹ́rẹ́ pa ọmọ tuntun kan, Jonas sì rí i nínú àwòrán tí ẹ̀rọ ti gbà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Rosemary, tí ìrora ìrántí wọ̀ lọ́rùn, béèrè ikú fún ara rẹ̀. Wọ́n tún ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní oògùn lójoojúmọ́ kí ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin má baà jí nínú wọn. Òbí tí ó bá ṣàdédé ka irú nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé ọmọ rẹ̀ kò jẹ̀bi bí àyà rẹ̀ bá já.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè kì í ṣe bóyá ikú wà nínú ìwé. Ikú wà nínú àlọ́ tí a ń pa fún ọmọdé. Ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè ni ohun tí òǹkọ̀wé fi ikú náà ṣe. Ní ìlú Jonas, wọn kì í sọ pé wọ́n pa ènìyàn. "Ìtúsílẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Arúgbó gba ìtúsílẹ̀ pẹ̀lú àjọyọ̀. Arúfin gbà á. Ìkókó tí kò dàgbà bí ó ti yẹ gbà á. Yorùbá náà ní àdàpè ọ̀rọ̀. Ọba kì í kú, ńṣe ni ó ń wàjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ pé ọba wàjà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọ̀wọ̀ ni ó mú kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ "ìtúsílẹ̀" ní ìlú Jonas kò mọ nǹkankan, nítorí pé kí ó má baà mọ̀ ni wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ náà. Àdàpè ti àkọ́kọ́ ń bu ọlá fún òkú. Èkejì ń dáàbò bo apànìyàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àdàpè olè ni "ọmọ mi ń fẹ́wọ́". Irú àdàpè bẹ́ẹ̀ ni Lowry tú àṣírí rẹ̀.

Òǹkàwé Yorùbá yóò tún rí ohun kan tí yóò dùn ún ju ẹlòmíràn lọ. Ìkókó tí bàbá Jonas pa jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lé òṣùwọ̀n, wọ́n sì pa èyí tí ó fúyẹ́ jù, nítorí pé ìlú náà kò fẹ́ ẹni méjì tí ó jọra. Láàárín àwọn ènìyàn tí ń kọrin kí Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ère fún èyí tí ó bá kú nínú wọn kí ó lè máa rí ìtọ́jú, ojú ìwé yìí wúwo púpọ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní ìbejì nínú kíláàsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ láìmúra.

Ìrántí ni òpó tí ó gbé ìwé náà ró. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ń pa ìtàn mọ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbọ́ ọ. Ní ìlú Jonas, ẹnìkan ń pa á mọ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ará ìlú bẹ̀bẹ̀ pé kí iye ọmọ tí wọ́n ń bí pọ̀ sí i, ìrántí ebi ni bàbá náà fi gba ìgbìmọ̀ níyànjú pé kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n gba ìmọ̀ràn. Wọn kò fẹ́ gba ìrora tí ó bí i.

Ìwé náà ní àbùkù. Òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé bí ìrántí ṣe ń ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, tàbí bí wọ́n ṣe mú àwọ̀ kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan tún ka ìparí rẹ̀ sí àbùkù: Jonas gbé ìkókó Gabriel, tí wọ́n fẹ́ pa, sá lọ sínú òtútù, òǹkàwé kò sì mọ̀ bóyá wọ́n yè. Àwọn ìwé tí ó tẹ̀lé e, Messenger ti ọdún 2004 àti Son ti ọdún 2012, fi hàn pé wọ́n yè. Síbẹ̀, ó sàn kí ọmọ kọ́kọ́ bá iyèméjì náà jìjàkadì, nítorí òun ni yóò mú un ronú.

Ta ni ìwé yìí wá yẹ fún? Kò yẹ fún ọmọ ọdún 9 tàbí 10 tí ó dá jókòó. Ó yẹ fún ọmọ ọdún 13 sí 15, bí olùkọ́ tàbí òbí bá ti kà á ṣáájú, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè. Kí olùkọ́ má ṣe fo ọ̀rọ̀ Rosemary. Àìrí ẹni bá a gbé ẹrù ni ó pa á, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ pé ìrora tí a bá sọ fún ènìyàn ti fúyẹ́ ju èyí tí a dá gbé lọ. Àwọn tí ó fẹ́ mú ìwé náà kúrò ní ilé-ìkàwé ń fẹ́ kí ọmọ wọn bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èrò yìí kan náà ni àwọn àgbà ìlú Jonas fi bẹ̀rẹ̀.